Apá Òsì Bàbá Aláago

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àǹtí Télọ̀ fi ń wá bí yóò ṣe pa Bàbá Aláago láyò ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra: òun ń ránṣọ, bàbá ń tún aago ṣe. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé tí wọ́n bá ta á tán, bàbá á rẹ́rìn-ín kèé, á ní, "Òpè ni ọ́, Télọ̀! Lọ jókòó ti máṣíìnì rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ká a lára, ẹ ò rí i? Ló bá gba áàpù kan sórí fóònù, èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣí eré: bí wọ́n bá ṣe báyìí sí ọ, ìwọ ṣe báyìí. Bó bá ṣì í lónìí, áàpù á tún bi í lọ́la. Ó ń dá a lóhùn bó ti ń lọ aṣọ. Àmọ́ bàbá kì í ta bí áàpù ṣe wí. Àǹtí Télọ̀ ní kò burú, bàbá fúnra rẹ̀ lòun máa kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo eré tí wọ́n bá ta sínú rẹ̀, títí ó fi lé lọ́gọ́rin.

Ibẹ̀ ló ti rí àrà. Láti bí oṣù méje, bàbá ń fi ọmọ ayò sílẹ̀ fún jíjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á ṣì yọ́ borí nígbẹ̀yìn. Bó bá fi funfun ta, etí pátákó kan ló ti ń fi í sílẹ̀. Bó bá fi dúdú, etí kejì ni. Kí ló fà á? Ẹni tó ń rí eruku nínú aago ọwọ́! Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí bàbá jáde lọ ra bátìrì, Àǹtí Télọ̀ lọ jókòó sórí àga bàbá gan-an. Ó to funfun síwájú ara rẹ̀, ó wò ó. Ó yí pátákó po, ó to dúdú. Háà! Etí méjèèjì, ọwọ́ òsì ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni.

Sátidé dé. Ó ṣí eré bó ṣe kọ́ ọ, ó sì rọra fi ayaba gba apá òsì bàbá wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù kó ta kí ọba bàbá kú. Bàbá ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó gbé ẹṣin lápá ọ̀tún, ó ń mi ẹsẹ̀.

"Òpè, ṣé o ti rí ikú tó ń bọ̀?"

Àǹtí Télọ̀ gbé ọwọ́ lé ayaba. Ọdún mẹ́ta! Àmọ́ adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí ayaba, ó na ìka méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì bàbá.

"Bàbá, ẹ má yíjú o. Ìka mélòó rèé?"

"Ìka wo?"

"Ó yá, ẹ yíjú sósì."

Bàbá yíjú. Ó rí ìka, ó sì rí ayaba. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"O ti pa mí. Kí ló dé tí o ò ta á?"

"Ojú yín ló ká mi lára, Bàbá. Ó ti tó oṣù méje."

Bàbá wo àwọn aago orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

"Oníbàárà mẹ́ta ló dá aago padà lóṣù yìí," ó ní. "Mo bú wọn. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa."

Àǹtí Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù méjèèjì pa, kí wọ́n lè lọ bá dókítà ojú. Nígbà tí wọ́n dé etí títì, bàbá tí kì í gbàrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni na ọwọ́ òsì sí i.

"Télọ̀, dì mí mú. Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀."