Abọ́ Ajá Tí Bàbá Ọdẹ Fọ̀

Mi ò jẹ́ kí ajá wọ ilé mi. Àwọn ọmọ mi ti bẹ̀ mí, wọ́n ti sunkún, wọ́n ti búra pé àwọn ni yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí àwọn yóò sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ajá ló ń bà mí, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó rọrùn ju òtítọ́ lọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo pa ajá kan ní Bódìjà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ẹlòmíì ló sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lọ.

Ará Èkìtì ni wá. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ló gbé bàbá mi wá sí Ìbàdàn, a sì ń gbé ilé kan tó ní géètì dúdú àti ọgbà òdòdó tí ìyá mi fẹ́ràn ju àwa ọmọ lọ, ó kéré tán bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójú mi nígbà náà. A ní ajá pupa kan tí etí ọ̀tún rẹ̀ ti ya. A sì ní bàbá arúgbó kan tó wá láti Òkè-Ògùn, tí wọ́n ń ṣọ́ géètì wa. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàtọ̀ sí eku, mi ò mọ ẹran tí wọ́n pa rí.

Bàbá Ọdẹ àti ajá náà mọwọ́ ara wọn, àmọ́ ààlà wà láàárín wọn. Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ ni wọ́n. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun, wọn kì í sì í fọwọ́ kan abọ́ tó fi ń jẹun láéláé. Bí wọ́n bá fẹ́ sún abọ́ náà kúrò lọ́nà, igi ni wọ́n fi ń tì í. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé ohun tí ajá bá lá, ẹ̀ẹ̀meje ni Mùsùlùmí gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ kó tó mọ́, àti pé àwọn ò ní omi tí àwọn máa fi fọ abọ́ lẹ́ẹ̀meje ní Ìbàdàn yìí. Nítorí náà, èmi ni mo ń fún ajá lóúnjẹ, èmi ni mo sì ń fọ abọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìlú le. Kò sí epo, kò sí iná, omi ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ọlọ́kọ̀ omi là ń dúró dè, ìyá mi sì ń fojú ṣọ́ àgbá omi wa bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Àfi bí a ṣe jí lọ́jọ́ kan tí a gbọ́ pé àwọn adigunjalè ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò wa. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé kan ní igun òpópónà: àwọn ń bọ̀, kí á múra sílẹ̀ de àwọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí ajá méjì kú ní òpópónà kejì. Wọ́n ní ẹran tí wọ́n fi májèlé sí ni ẹnì kan jù wọlé sí wọn. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé wa pẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu wa.

Bàbá mi pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Wọ́n ní, "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ajá yẹn ni géètì wa kejì. Bó bá kú, a jẹ́ pé wọ́n ti wọlé tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan jẹ, àfi ìwọ." Èmi ni wọ́n nàka sí. Orí mi wú. Mi ò tíì ní nǹkan pàtàkì kan tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ rí.

Iléyá dé láàárín ìbẹ̀rù yẹn. Kirisitẹni ni wá, àmọ́ ta ni kì í jẹ ẹran Iléyá ní Ìbàdàn? Àlàájà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fi ẹran ránṣẹ́, ilé tó kọjú sí wa fi ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan sì gbé odindi itan àgbò wá láti Àpáta. Ẹran kún ilé, fíríìjì sì ti di kọ́bọ́ọ̀dù lásán. Ni ìyá mi bá gé gbogbo rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n da iyọ̀ bò ó títí ó fi funfun, wọ́n sì kó o sínú àwo ńlá méjì kí wọ́n lè máa sá a sóòrùn díẹ̀díẹ̀. Ẹran tí wọ́n bá da iyọ̀ bò báyìí máa ń sun omi. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, omi pupa rẹ́súrẹ́sú á ti kún ìsàlẹ̀ àwo.

Ìyá mi ní, "Lọ da omi yìí sí gọ́tà. Má jẹ́ kó kan òdòdó mi o, iyọ̀ inú rẹ̀ á pa wọ́n."

Mi ò jẹ́ kó kan òdòdó. Ajá ni mo gbé e fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe ìkà ló wà lọ́kàn mi. Ẹ̀bà gbígbẹ ni ajá náà ń jẹ láti bí oṣù kan, ó sì ti ń fi imú tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òórùn ẹran gba gbogbo ilé, a ń jẹ ẹran láàárọ̀, a ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, òun náà dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo da omi ẹran náà sórí ẹ̀bà rẹ̀, mo fọwọ́ pò ó. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́ títí abọ́ fi ń rìn kiri lórí sìmẹ́ǹtì. Inú mi dùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i pé ó ń lá ẹnu gọ́tà. Ife omi kan péré ni ìyá mi gbà kí n máa bù fún un lójúmọ́, ó sì máa ń mu ún tán kí n tó yíjú padà. Ó ń tọ̀ káàkiri, títí kan ẹnu ọ̀nà pálọ̀ tí kò jẹ́ dán wò tẹ́lẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ ti búútà tí Bàbá Ọdẹ fi ń ṣe àlùwàlá lulẹ̀, ó lá gbogbo omi inú rẹ̀ nílẹ̀. Bàbá Ọdẹ ò bínú. Wọ́n kàn ń wò ó ni.

"Ọmọ mi, kí lò ń fún ajá yìí jẹ? Òùngbẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Ẹ̀bà ni, sà."

Wọ́n gbé búútà wọn, wọ́n padà sí géètì. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ibi tí mo ti ń da omi ẹran sínú abọ́ ni wọ́n ti bá mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo funfun tó ti gbẹ mọ́ etí abọ́ náà yíká, nítorí ọjọ́ mẹ́rin yẹn mi ò fọ̀ ọ́ rárá, mò ń ṣọ́ omi lò.

Wọ́n ní, "Àwọn darandaran ń fún màlúù níyọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ odò ni wọ́n ti ń fún un. Ẹran tó bá jẹ iyọ̀ tí kò rí omi mu, òkú ni. Ajá ò tiẹ̀ lágbára tó màlúù. Má fún un mọ́. Lọ bu omi fún un nísinsìnyí, omi tó pọ̀."

Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo dé ìdí àgbá. Omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá, ìyá mi sì wà nítòsí. Bí mo bá bu omi púpọ̀, wọ́n á bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná, ọlọ́kọ̀ omi á ti dé. Mo ti ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò dáa láti ìgbà náà, síbẹ̀ bí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo kábàámọ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èyí ni.

Ilẹ̀ mọ́, ajá ò lè dúró. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó ń kọlu ògiri. Lẹ́yìn náà ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sá eré níbi tó dùbúlẹ̀ sí, itọ́ funfun ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá mi figbe ta. "Wọ́n ti dé! Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ!"

Àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, gba àṣẹ ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí á gbé epo pupa wá, kí á sì po iyọ̀ sómi, iyọ̀ tó pọ̀ dáadáa, kí á rọ ọ́ sí ajá lọ́fun kó lè bì. Bàbá mi ní kí n lọ gbé iyọ̀ wá.

Mo dúró nínú ilé ìdáná pẹ̀lú iyọ̀ lọ́wọ́. Láti ojú fèrèsé, mo rí Bàbá Ọdẹ lẹ́yìn ilé. Wọ́n lóṣòó. Omi tó ṣẹ́kù sínú búútà wọn ni wọ́n ń dà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi yanrìn ha abọ́ ajá. Ọwọ́ wọn lásán ni wọ́n fi dì í mú. Wọ́n gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n tún bojú wolẹ̀, wọ́n ń fọ abọ́ wọn lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àmọ́ èmi kì í ṣe ọmọ tuntun. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fọ̀ kúrò, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fọ̀ ọ́. Mo gbé iyọ̀ jáde. Èmi náà ni mo fi ṣíbí rò ó pọ̀ mọ́ omi.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa rọ ọ́, Bàbá Ọdẹ dé, abọ́ tútù wà lọ́wọ́ wọn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un níyọ̀. Omi lásán ni, díẹ̀díẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí wọn. "Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?"

Bàbá Ọdẹ ò nàka sí mi. Wọ́n kàn wò mí, bí ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún èèyàn kó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ, kí ajá yẹn lè yè. Mo wo ilẹ̀.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, Ọ̀gá. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀ ni."

Wọ́n ti rọ ọ́ kí Bàbá Ọdẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ife mẹ́ta ni. Ajá náà bì díẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ dúró sínú rẹ̀. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà ó wò mí, tàbí ó wo ibi tí mo wà, ó sì kú.

Dókítà ẹran tí wọ́n ránṣẹ́ sí ní Agbowó dé lẹ́yìn wákàtí kan. Ó ní ta ló fún un ní iyọ̀. Àgbàlagbà yẹn ní àwọn ni, inú wọn tiẹ̀ ń dùn. Dókítà ṣe sùúrù pẹ̀lú wọn. Ó ní iyọ̀ nìkan ti tó láti pa ajá, pé ó máa ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀, gìrì á sì mú un. Ó ní àmọ́ kí wọ́n tó fún un, nǹkan kan ti ń ṣe é. "Abọ́ tó fi jẹun dà? Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Abọ́ mọ́ tónítóní.

Bàbá mi wo abọ́, wọ́n wo Bàbá Ọdẹ. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọwọ́ kan abọ́ ajá, Bàbá. Kí lẹ fọ̀ kúrò nínú rẹ̀?"

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí Àlàájà létí pé ta ló mọ iye tí àwọn adigunjalè fún Bàbá Ọdẹ. Bàbá Ọdẹ ní, "Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá. Mo kàn fọ̀ ọ́ ni." Mo ń dúró kí wọ́n dárúkọ mi. Mo dúró, mo dúró, wọn ò dá a.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ní kí Bàbá Ọdẹ máa lọ. Ẹní kan, búútà kan, àpò kékeré kan. Gbogbo òpópónà ti gbọ́, mo sì mọ̀ pé kò sí ilé kan ní Bódìjà tí yóò tún gbà wọ́n sí géètì. Nígbà tí wọ́n kọjá lára mi, wọ́n fa abọ́ ajá náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fọ̀ ọ́." Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi fi kọ́kọ́rọ́ ti géètì, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹni tí àwọn lè fọkàn tán ṣì kù nínú ilé yìí.

Àwọn adigunjalè ò wá. Wọn ò wá lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò sì wá rárá. Bàbá mi ti kú báyìí, wọ́n sì kú láìmọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Ọdẹ lọ, ìyá mi fi ẹran tó ti gbẹ lára èyí tí wọ́n da iyọ̀ bò se ọbẹ̀. Wọ́n pè mí sí ilé ìdáná, wọ́n bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

Mo tọ́ ọ wò. Mo ní ó tó.