Ọṣẹ Tí Mo Fi Òwú So Kọ́

Wọ́n pè mí ní tíṣà onídọ̀tí lójú gbogbo òbí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọṣẹ tó mọ́ jù ní ilé ìwé yẹn, tèmi ni.

Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Festac ni, nígbà tí ọ̀dà ilé ibẹ̀ ṣì ń rùn tuntun, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín ilé fún òṣìṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Àwọn tí kò tíì mọ imú í fọn ni wọ́n kó fún mi.

Mo máa ń ra ọṣẹ gbọọrọ ní Mile 2, màá fi òwú gé e wẹ́wẹ́ bí ìyá mi ṣe ń gé e nílé. Màá fi ìṣó lu ègé kọ̀ọ̀kan, màá ki òwú bọ̀ ọ́, màá so ó kọ́ sára wáyà ní fàráńdà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àwọ̀ òwú ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ tán, omi á ro kúrò lára rẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ gbẹ. Kì í jókòó sínú omi, kì í yọ́.

Màdáámù tó ni ilé ìwé wá ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú ìgò ọṣẹ olómi kan.

"Tíṣà, kí lo so kọ́ bíi pọ̀nmọ́ yìí?"

"Mà, kálukú ló ní tirẹ̀."

"Ta ló ń lo irú èyí nílùú òyìnbó? Ọṣẹ tí èèyàn ń fọwọ́ pa, àrùn ni! Kó gbogbo rẹ̀ kúrò ńbẹ̀."

Ìgò kan fún gbogbo ọmọ. Kò pẹ́ tó fi ń tán lọ, Lọ́ńdọ̀nù kì í sì í ṣe Mile 2. Ni Màdáámù bá ń bu omi lù ú. Omi ẹ̀rọ ń ṣe ségesège nígbà náà, nítorí náà omi dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń bù, èyí tí tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Ìṣojú mi ló ti ṣe é. Ọṣẹ náà ń fà bí ilá, ó sì ń rùn. Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ kọ́ ọmọ.

Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé ọṣẹ yẹn ló fà á: mo mọ ìyàtọ̀ ohun tí mo rí sí ohun tí mo rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe àwọn òbí jọ, tí wọ́n jókòó sórí àga àwọn ọmọ, tí orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n, ègé ọṣẹ mi tí mo ti kó kúrò lára wáyà ni Màdáámù gbé sókè.

"Ohun tí tíṣà yìí fi ń fọwọ́ àwọn ọmọ yín rèé. Onídọ̀tí!"

Bàbá kan láti Satellite Town pariwo: "Ọṣẹ ìfọṣọ! Tíṣà, ṣé àkísà làwọn ọmọ wa ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Ọṣẹ tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí, ṣé inú ìgò lẹ ti dà á?"

"Rárá o. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà náà ni."

"Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń lò ó?"

Ìyàwó rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Gbogbo ilé ni, Àǹtí! Ègé kan ṣoṣo!"

Mo ní kí wọ́n gbé ìgò náà wá, kí á jọ rìn dé ìdí dúrọ́ọ̀mù. Màdáámù ní ká dìde fún àdúrà ìparí. Gbogbo wọn dìde, wọ́n dijú, wọ́n ṣe àmín. Nígbà tí mo padà wá lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíràn ti wà ní kíláàsì mi.

Màdáámù, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lé mi: ta ló bu omi dúrọ́ọ̀mù lu ọṣẹ yẹn? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò fi lè rìn dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, kó wo ohun tí mo ní kó wò? Kí sì lẹ sọ fún àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n bèèrè mi? Ẹ dá mi lóhùn.