Koríko Ẹ̀yìn Yàrá Ìyá Mi

Ẹsẹ̀ ògiri yàrá ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta tán nígbà tí mo dé Ifangni lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gbàrá ló ń jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa dagun, gbogbo omi ojú ọ̀nà sì ń gba ibẹ̀ sáré wá bá ògiri. Mo bẹ ìyá mi kí wọ́n ká ẹrù, kí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí Kutọnu. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ yàrá náà fún àwọn, ibẹ̀ làwọn máa kú sí. Ó wá kù sí mi lọ́wọ́ láti gba yàrá náà là.

Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni mo ń ṣe ní Kutọnu, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Mo kó erùpẹ̀ pupa jọ, mo fi ṣe òkìtì gíga sáàárín ògiri àti omi, irú èyí tí à ń pè ní talúù níbi iṣẹ́. Àyè ò tó, ni mo bá jẹ́ kó dúró ṣánṣán. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, talúù ya lulẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é fáwọn ará Kutọnu nìyẹn?"

Mo tún un ṣe. Mo rọ iyanrìn sínú àpò ìrẹsì tí mo rà ní Igolo, mo tò wọ́n sí ẹsẹ̀ òkìtì. Mo gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìpele-ìpele, mo fi ọmọ odó gún erùpẹ̀ náà kó lè le. Lẹ́yìn náà mo wú koríko wá láti etí oko, mo gbìn ín sí gbogbo ara rẹ̀, kí gbòǹgbò lè di erùpẹ̀ mú. Kò pẹ́ tó fi ń yọ ewé tuntun, àràárọ̀ ni mo sì ń lọ wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò bá ewé kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyá mi ti tu gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti gbá orí òkìtì mọ́ tónítóní.

Mo pariwo mọ́ wọn, ohun tí mi ò ṣe rí. "Màmá, kí lẹ ṣe yìí? Koríko yẹn ló máa gba yàrá yín là!"

Wọ́n wolẹ̀. "Ẹnu ayé ni mò ń sá fún. Bí koríko bá hù lágbàlá mi, wọ́n á ní mi ò lọ́mọ."

"Látìgbà wo lẹ ti ń tu koríko ẹ̀yìnkùlé yìí?"

"Látìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Ìwọ ò sí nílé. Mò ń tu ú títí dé òkè lọ́hùn-ún, kí wọ́n má bàa bi mí pé ọmọ mi dà."

Mo gbójú sókè wo ibẹ̀. Ilẹ̀ náà pá láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ewé kan tó lè dá omi dúró. Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi wálé. Èmi ni mo fa ọ̀gbàrá wá bá ògiri ìyá mi, ó sì dùn mí wọnú eegun.

A jọ tún koríko náà gbìn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé àga lọ sí ojúde, mo jókòó síbi tí gbogbo ẹni tó ń tọjà bọ̀ ti lè rí mi.