Àwọn Ọjọ́rú Ìyá Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ya ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Allen, ní Ìkẹjà. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ tú ìdì aṣọ funfun kan sílẹ̀ lójú mi, aṣọ tí omi ò tíì kàn rí, òórùn rẹ̀ sì gbà mí nímú: òórùn òwú àti ti ògì gbígbẹ. Mo gbàgbé ohun tí mo wá rà. Ọmọ náà bi mí bóyá kò sí nǹkan tó ṣe mí, mo ní kò sí, irọ́ ni mo sì pa. Òórùn ìyá mi ni mo gbọ́, ìyá mi tó ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tí fọ́nrán òwú á lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ bí ẹni pé ewú ti yọ sí i ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù lẹ mọ Ìkẹjà sí, ẹ ò ní mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́ nígbà kan. Fèrè ilé-iṣẹ́ ló ń jí wa láàárọ̀ ní Agége. Inú ilé alágbàlá ńlá kan lẹ́bàá ojú irin là ń gbé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo yàrá ibẹ̀ ló ní ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ kan náà. Ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni ìyá mi wà. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn ẹnìkejì, nítorí náà gbogbo wọn ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ lórí ètè ara wọn. Bí wọ́n bá délé, tí wọ́n bá fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n á máa pariwo títí tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ ohun tí a fẹ́ jẹ lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí òfófó bá wà láti ṣe, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, Ìyá Sílífá á jókòó sí ẹnu ọ̀nà tiwọn lódìkejì àgbàlá, ètè wọn á máa lọ láìsí ohùn, wọ́n á sì kàn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi ni Sílífá. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn dé láti Ìjẹ̀bú Igbó ni, òun ló sì gbaṣẹ́ kẹ́yìn nínú gbogbo àwọn ahunṣọ. Ọmọ Aládùúrà ni mí, ọmọ Mùsùlùmí ni òun, a jọ ń jẹ sàárà wọn, a sì jọ ń jẹ èso ìkórè tiwa. A ti kọ́ ọ̀rọ̀ ètè lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa, òun la sì fi ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, tí tíṣà á máa wá ariwo tí kò lè rí mú.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀, inú yàrá ló ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti sọ pé ọjà ò tà mọ́, pé àwọn kan gbọ́dọ̀ lọ nínú àwọn ahunṣọ, àti pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ó ní bí wọ́n bá ní ọ̀nà mìíràn tí owó iṣẹ́ á fi dín kù, kí wọ́n mú un wá ní Ọjọ́ Ajé. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá dá Ìyá Sílífá dúró, Ìjẹ̀bú Igbó ni wọ́n ń padà sí, Sílífá ń lọ nìyẹn. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá sì mọ̀ mí á mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo àwọn ahunṣọ pé sí àgbàlá wa. Àwa ọmọ gbé bẹ́ńṣì jáde, a sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bàbá Ṣàgámù ni olórí wọn, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó ti wà níbi iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ó ní òfin kan tí kò jọ ti ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá: bí wọ́n bá ń ṣèpàdé, ẹni tó gbaṣẹ́ kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bọ̀ wá sókè bẹ́ẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ á fi kan àgbà. Àwọn kan máa ń kùn pé báwo ni ọmọdé á ṣe ṣáájú àgbà sọ̀rọ̀. Bàbá á ní bí òun bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á máa ní bí Bàbá ṣe wí ló rí, òun sì ti gbọ́ ohùn ara òun tó.

Ìyá Sílífá ló dé kẹ́yìn. Ó dìde, ó di ìborùn rẹ̀ mú, kò sì sọ nǹkan kan. Gbogbo wa ń wò ó. Ojú tì mí fún un, inú sì ń bí mi sí i. Mo fẹ́ kó bẹ̀bẹ̀, kó sunkún, kó ṣáà ṣe ohun tí Sílífá ò fi ní lọ. Adìyẹ kan gba àárín àgbàlá kọjá, kò sẹ́ni tó lé e. Bùrọ̀dá Tájù, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí sùúrù ò bá a tan, ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, pé ṣebí gbogbo àwọn ló mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Bàbá Ṣàgámù ní, "Ẹnu ẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. A máa dúró."

A dúró. Àwọn kan bu omi mu, ọmọ kan sunkún títí ó fi sùn. Lódìkejì àgbàlá, mo rí ètè ìyá mi tó ń lọ láìsí ohùn. Ohun tó ń sọ kò ju "sọ ọ́, sọ ọ́" lọ.

Ìyá Sílífá wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Mi ò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì lọ dípò mi. Nílé tiwa, bí ẹ̀bà ò bá tó, a kì í lé ọmọ kan kúrò nídìí abọ́. Kálukú á dín òkèlè ẹ̀ kù ni. Ṣé a ò lè pín ọjọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ohun tó ń sọ ni pé kí oníkálukú fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ láìgba owó ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ. Ẹ má rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bùrọ̀dá Tájù ní òun ò bí ọmọ fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn ò sì bímọ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà le, ó rọ̀, ó tún le. Nígbà tó kan ìyá mi, oòrùn ti ń wọ̀. Ìyá mi ti pẹ́ níbi iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a dúró, ọmọ mẹ́rin ló sì ń bọ́. Mo di ọwọ́ Sílífá mú. Ìyá mi ní òun mọ ohun tí owó ọjọ́ kan ń ṣe nílé òun, pé ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n òun gbà. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá gbà nawọ́ sókè, Bùrọ̀dá Tájù náà nawọ́, ó sì ń kùn bó ṣe ń nà án. Ọ̀rọ̀ kan Bàbá Ṣàgámù, ó ní wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́rú ni wọ́n fún ìyá mi àti Ìyá Sílífá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ebi pa wá nígbà yẹn. Ẹran tí a máa ń lọ rà ní Oko Ọba di pọ̀nmọ́, nígbà tó yá pọ̀nmọ́ náà di ohun tí à ń pín bí ogún. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, bí a bá ti dé láti ilé-ìwé, ìyá wà nílé. Mi ò mọ̀ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kì í jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á tẹ́ ẹní sí àgbàlá, wọ́n á fi orí èmi àti Sílífá sáàárín orókún wọn, wọ́n á máa dirun fún wa, a ó máa mu gàrí tí a fi ẹ̀pà sí, wọ́n á sì máa pa ìtàn Ìjẹ̀bú tí kò ní òpin. Mo ti jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá láti ìgbà náà. Kò sí èyí tó dùn tó gàrí Ọjọ́rú, ọkàn mi sì ń fà sí i títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Kò tọ́jọ́. Aṣọ òkèèrè gba ọjà, ilé-iṣẹ́ náà sì tì pátápátá. Gbogbo wọn jọ jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Sílífá àti ìyá rẹ̀ sì padà sí Ìjẹ̀bú Igbó. Ẹnjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó wọn ń pariwo, nítorí náà ètè ni Sílífá fi sọ fún mi pé kí n má gbàgbé òun. Mi ò tún rí i mọ́. Ẹrù òkèèrè ni wọ́n ń kó sí ilé-iṣẹ́ náà báyìí.

Nígbà tí ìyá mi darúgbó, mo bi í bóyá kò kábàámọ̀ owó tó fi sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n padà ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ebi yẹn, èmi ni mo nawọ́ sí i. Ebi tí ẹlòmíì bá pinnu fún ni ló máa ń dunni."

Mo sọ èyí fún àbíkẹ́yìn mi lálẹ́ àná. Ìròyìn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà, pé àwọn kan nínú wọn ò ní wá mọ́ láti oṣù tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n jókòó, kò sí bẹ́ńṣì tí ẹnikẹ́ni gbé jáde. Ayé ti yí padà, mi ò sì lè ní ti àtijọ́ ló dára tán, nítorí mo rántí ebi rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ mi, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń dùn ún kì í ṣe ti owó nìkan. Ó ní wọn ò tiẹ̀ bi àwọn léèrè. Ó wá bi mí pé ká ní wọ́n bi àwọn bíi ti Bàbá Ṣàgámù, ta ni ì bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo ní ẹni tó gbaṣẹ́ kẹ́yìn.

Ó ní, "Èmi nìyẹn, Mọ́mì."