Ẹsẹ̀ Bàbá Mi àti Ọkọ̀ Tí Kò Ní Kílọ́ọ̀ṣì

Ọkọ̀ ìjàpá mi, tó ní jíà mẹ́rin, ni mo fi mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń di ọkọ̀ mú. Bí mo bá wà ní jíà kẹta lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà lẹ́yìn mi, á máa kùn, ọkọ̀ á sì rọra fà sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹnìkan di etí ìró mi mú láti ẹ̀yìn. Búrẹ́ẹ̀kì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń gbá ọkọ̀ mú, orí gbogbo èrò á sì lọ síwájú. Mo fẹ́ràn ìyàtọ̀ yìí débi pé mo máa ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sílé nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan péré.

Ó ku díẹ̀ ká wọ àwọn ọdún 1990 nígbà tí bàbá mi já bọ́ lórí igi kaṣú lóko wọn ní Ìrẹsà, tí egungun itan wọn dá. Ọ̀dọ̀ atóegun kan nítòsí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n wà títí ó fi ní ká máa gbé wọn lọ sílé ní Ọ̀yọ́.

Ó ní, "Ó ti ń mọ́ra, àmọ́ kò tíì le. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan gbò ó lọ́nà. Tó bá yẹ̀, màá tún un fọ́ ni kí n tó tún un tò."

Látìgbà tí mo ti gbọ́ èyí ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ìjàpá ò lè gba ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ọparun dì gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló yá mi ní ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ gígùn, ọ̀tòmátíìkì. N kò wa irú rẹ̀ rí, ìwé nìkan ni mo ti kà nípa rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbí. Fi sí D, kí o máa lọ. Àmọ́ 2 àti 1 yìí, má fọwọ́ kàn wọ́n o. Wọ́n á jẹ jíà."

"Kí ni wọ́n wá fi wọ́n síbẹ̀ fún, Bùọ̀dá?"

"Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló mọ̀."

"Ṣé ẹ ti dán an wò rí?"

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ lọ gbé bàbá rẹ ni àbí o fẹ́ tú ọkọ̀ mi?"

A ò tíì jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ewúrẹ́ kan fi bọ́ sójú títì. Ẹsẹ̀ òsì mi wá kílọ́ọ̀ṣì lọ, búrẹ́ẹ̀kì ló bá, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bàbá mi ké lẹ́yìn.

"Ẹsẹ̀ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?" Ìyá mi ló béèrè, iwájú ni wọ́n jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn.

"Òsì ni, Màmá. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń wá."

"Kò sí níbẹ̀. Sọ fún un."

Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, mo ká ẹsẹ̀ náà wọ abẹ́ ìjókòó. Síbẹ̀, ó ń ta pútúpútú bí ẹja.

Lójú ọ̀nà gbangba ni mo wá rí ìṣòro gidi. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ń sáré lọ bíi korobá tí okùn rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni létí kànga. Mo mọ ìdí rẹ̀. Nínú ìjàpá, awo kílọ́ọ̀ṣì ló lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí táyà bá ń yí, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀. Nínú èyí, ọ́ìlì ló wà láàárín wọn, ó ń yọ̀, jíà tó ga jù ni D sì máa ń wà bí ọkọ̀ bá ti sáré. Búrẹ́ẹ̀kì nìkan ló kù mí kù. Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì, kò sí èyí tí bàbá mi ò mọ̀.

"Orí ẹsẹ̀ mi lo ń tẹ̀ yẹn."

Nígbà tó yá, òórùn búrẹ́ẹ̀kì tó gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Odò Ọbà ṣì wà níwájú.

Ọkọ̀ agbégẹdú kan ló ṣáájú wa débẹ̀. Mo rí i tó dín eré kù lókè, tí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbòòrò. Iná búrẹ́ẹ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ ò tàn rárá. Jíà ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé jíà tiwa.

"Ṣé kì í ṣe èyí tí o sọ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní kí o má fọwọ́ kàn nìyẹn?"

"Òun ni, Màmá."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn.

Mo jẹ́ kí ọkọ̀ rọlẹ̀ níbi tó tẹ́jú. Mo fi ẹsẹ̀ ba tọ́rótù díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má bàa já mọ́ wa lára lójijì, mo fà á sí 2, jíà tó rẹlẹ̀, mo wá ń gbé ẹsẹ̀ kúrò ní díẹ̀díẹ̀. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sókè, ó sì dì wá mú. Ọwọ́ rẹ̀ ò le tó ti ìjàpá, ó dà bí ẹni tó fi aṣọ wé ọwọ́ kó tó dì ọ́ mú. Àmọ́ ó dì wá mú.

"Kí ló ń ké bẹ́ẹ̀?" Ìyá mi ló béèrè.

"Ẹ́ńjìnnì ni. Ó ń fà wá sẹ́yìn."

"Kó má ké jù o."

N kò gbọ́ ohùn kankan láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n béèrè. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kù ni mo fi 2 sọ̀. Ìgbà tí mo pa ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ọ̀yọ́ ni bàbá mi tó jí lójú oorun.

"Kí la dúró sí? Ṣé agbégẹdú yẹn ò tíì kúrò lọ́nà ni?"

Nígbà tí mo dá ọkọ̀ padà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́ wọn. "O ò fọwọ́ kan 2, àbí?"

"Mo fọwọ́ kàn án, Bùọ̀dá."

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ibí, wọ́n wo ọ̀hún, wọn ò rí nǹkan tó bàjẹ́. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Báwo ló ṣe ṣe?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, atóegun wá wo ẹsẹ̀ náà. N kò lè jókòó tì wọ́n. Mo ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìjàpá, mo ń padà. Mo gbọ́ tí wọ́n tú ọparun.

Atóegun ní, "Kò yẹ̀. Ta ló wa ọkọ̀ náà?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn. "Ẹni tó ń rìn káàkiri níta yẹn ni. Ẹ bá mi sọ fún un kó jókòó."