Àṣẹ Tí Mo Pa fún Àgbà Lójú Òkun

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé iṣu lè rìn. Ìyá mi fi iṣu ránṣẹ́ sí mi láti Òmù-Àrán, mo sì kó wọn sínú ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tó gbéra ní Èkó, tó ń lọ sí Takoradi ní ilẹ̀ Gánà. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti yí lọ bá òyìnbó tó ni ọkọ̀, níbi tó dùbúlẹ̀ sí tó ń bì. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara wa sílẹ̀. Ọmọ iléèwé ìjọ ni mí, gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, ọ̀dọ̀ òyìnbó yìí ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n bá òun lọ, kí n máa se oúnjẹ, kí n sì máa tún pákó tó bá là ṣe. Odò tí mo mọ̀ nílé, ènìyàn á ká ṣòkòtò sókè ni, á sì là á kọjá. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó ní, "Ṣé omi tí ò lódìkejì ni wàá gùn?" Mo dá a lóhùn bí ọ̀mọ̀wé pé ó lódìkejì, mo ti rí i nínú àwòrán ayé.

Ẹnìkẹta wa ni Bàbá atukọ̀, ọmọ Ìlàjẹ, tó ti darúgbó sójú omi. Òun ló kọ́ mi ní ìgbé ayé ibẹ̀. Ife kan ni omi mímu ẹnìkọ̀ọ̀kan láàárọ̀; omi òkun la fi ń wẹ̀, iyọ̀ á sì gbẹ mọ́ wa lára bí ẹja tí wọ́n fẹ́ sá. Mo ń fi ọwọ́ kan di ìkòkò mú, mo ń fi èkejì di ọkọ̀ mú. Bí mo bá sè tán, màá di ìtọ́kọ̀ mú kí Bàbá lè sinmi díẹ̀. Láràárọ̀ mo máa ń gbàdúrà gígùn, Bàbá á sì ṣe àmín kí n tó parí, torí pé tíì wa ń tutù nínú ife.

Igi gígùn kan wà tó di ẹsẹ̀ ìgbòkun mú. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, igi náà á fò láti ọ̀tún sí òsì, ohun tó bá sì bá lọ́nà di ti ẹja.

Bàbá sọ fún mi pé, "Ará òkè, bí o bá rí i tó ń bọ̀ lórí mi, ariwo kan ṣoṣo ni kí o pa: Dọ̀bálẹ̀!"

"Èmi kẹ̀, Bàbá? Kí n ní kí ẹ̀yin dọ̀bálẹ̀ fún mi?"

"Igi kì í béèrè ọjọ́ orí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èmi sì kó tèmi dé ojú òkun. Èmi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ nínú eruku ọyẹ́ fún ẹni tó fi oṣù kan ṣáájú mi dé ayé!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá lọ sí àárín ọkọ̀ láti tú okùn tó lọ́ mọ́ra. Èmi ni mo di ìtọ́kọ̀ mú. Afẹ́fẹ́ yí lójijì, mo rí igi náà tó ń bọ̀, mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi..."

Igi kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbá Bàbá ní èjìká, ó sì gbé e sómi. Okùn tó so mọ́ ìbàdí nìkan ló kù láàárín òun àti ikú. Gbogbo àdúrà gígùn mi fò lọ, "Olúwa!" ni mo lè wí. Òyìnbó gbàgbé èébì rẹ̀, ó rá jáde, àwa méjèèjì sì fa okùn títí ọwọ́ wa fi bó.

Nígbà tí Bàbá wúkọ́ tán, ó wò mí. "Ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa," ó ní. "Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló kù díẹ̀ kó sin mí."

Ìbá bú mi, ìbá sàn. Bí mo ti ń fi omi gbígbóná jó èjìká rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní kí n pe ọ̀rọ̀ náà kí òun gbọ́.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀, sà."

"Mú sà kúrò."

"Dọ̀bálẹ̀."

"Ṣé ẹ̀fọn lò ń lé ni?"

Ilẹ̀ Gánà ti ń hàn lókèèrè bí ìlà dúdú nígbà tí afẹ́fẹ́ tún yí. Èmi ni mo tún di ìtọ́kọ̀ mú, Bàbá wà níwájú mi, òyìnbó dúró tì í. Mo ké "Dọ̀bálẹ̀!" débi pé ọ̀fun mi fẹ́ ya. Bàbá ṣubú gbalaja. Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá rárá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú. Igi náà fò kọjá lórí àwọn méjèèjì. Nígbà tó dákẹ́, mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá láti inú pákó tó dojú bò. "Kábíyèsí, ṣé ká dìde?"

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí tí Bàbá náà ti lọ sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Èmi ti di alàgbà ìjọ ní Òmù-Àrán, àwọn ọ̀dọ́ ń kí mi lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó kù ládùúgbò tó lè ní kí èmi dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí pé ìgbéraga àgbà dà bí igi ìgbòkun, ẹ̀yìn ló máa ń gbà wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé láràárọ̀, kí orúnkún mi tó wá àwáwí, mo ṣì ń gbọ́ ohùn arúgbó Ìlàjẹ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì fi sà sí i. Èmi náà á sì wólẹ̀.