Ilẹ̀kùn Gíláàsì Tí Ìyá Mi Bá Mi Jẹ́wọ́ Rẹ̀

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àbújá ni mo ti kọ́kọ́ rí ilẹ̀kùn gíláàsì nínú balùwẹ̀, ọkàn mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí a kọ́lé sí Ọ̀wọ̀, mo ní àfi kí n ṣe irú ẹ̀. Ìyàwó mi, ọmọ Àkókó tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, bi mí pé, "Dádì, ta lẹ fẹ́ kó máa wò yín níbi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀?" Mo ní kí wọ́n ṣáà gbé e sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí ìyá mi wá kí wa láti Imoru, ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń wẹ̀, ọṣẹ kó sí mi lójú, mo bá fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn náà kí n lè mú tọ́wẹ̀lì. Gbàràmù! Ó ya lulẹ̀ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀. Mo dúró sáàárín ẹ̀ níhòòhò, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà sẹ́yìn. Ìyá mi ló ju tọ́wẹ̀lì sí mi, tó sì fi ìgbálẹ̀ lànà fún mi.

Ó ní, "Má dààmú. A ó ní èmi ni mo fọ́ ọ. Ìyàwó ẹ ò ní lè bá mi jà."

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Nígbà tí ìyàwó mi dé tó gbọ́ ọ, ohun tó sọ ò ju pé, "Ọlọ́run ṣeun tí kò gé yín, Màámi." Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, oníṣẹ́ gíláàsì wá wọn ibẹ̀. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà.

Mo lọgun: "Mi ò san tó ìdajì ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́!"

"Ìgbà yẹn nìyẹn, sà. Bìní la ti máa gbé e wá."

Ìyá mi bi í pé, "Ṣé ilé ni àbí ilẹ̀kùn?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yọ kọ́bọ̀ kúrò.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi pe èmi àtìyàwó mi sí pálọ̀. Ó mú owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà jáde nínú báàgì. "Ẹ fi kún un. Èmi ni mo ṣáà fọ́ ọ."

Ojú tì mí. "Màámi, ẹ gbówó yín. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀ látọjọ́ náà! Màámi kì í wẹ̀ níbẹ̀ rárá, balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbé garawa lọ. Ẹsẹ̀ yín sì ni mo rí ọgbẹ́ sí, Dádì."

Ìyá mi fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yìí!"

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́jà. Kọ́tìnnì rọ́bà olódòdó pupa ni wọ́n rà wá láti fi dípò ilẹ̀kùn náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré. Láràárọ̀ tí mo bá ń wẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ pupa.